Omi Tó Ń Gbóná fún Gbogbo Ilé Àfi Màmá

Nígbà tí púlọ́ńbà tú ẹ̀rọ omi balùwẹ̀ òkè palẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, tó tún un tò tán, télọ̀ tó ni ilé náà jókòó sétí báàfù, ó fọwọ́ lẹ́rán bí ẹni tí aṣọ oníbàárà jó mọ́ áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́.

"Ọ̀gá Télọ̀, nǹkan kan ò ṣe ẹ̀rọ yìí," púlọ́ńbà wí. "Ẹ ki ọwọ́ yín bọ ibẹ̀ kẹ́ ẹ rí i."

Télọ̀ kiwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì yára fà á yọ. Omi náà gbóná débi tí wọ́n lè fi bó adìẹ. Bẹ́ẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ náà, inú balùwẹ̀ yìí kan náà ni ìyá ìyàwó rẹ̀ ti jáde, tí eyín ń gbá eyín lẹ́nu rẹ̀, tó ní, "Kò burú, ọmọ mi. Omi tútù náà dáa fún ara."

Ó dáa fún ara kẹ̀! Torí omi gbígbóná gan-an ni wọ́n ṣe mú Màmá wá. Dókítà ti wo orúnkún rẹ̀ méjèèjì, ó ní kó máa rẹ wọ́n sínú omi gbígbóná láràárọ̀. Ní ilé tí Màmá ń dá gbé, orí sítóòfù ló ti ń se omi, ó sì ti gbé ìkòkò omi híhó ṣubú rí. Àpá rẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ni ọmọ rẹ̀ bá fàáké kọ́rí pé ìyá òun ò ní padà síbẹ̀ mọ́. Télọ̀ náà fẹnu ara rẹ̀ lérí pé, "Màmá, ilé tiwa ní báàfù gbọọrọ. Ẹ kàn máa nà gbalaja sínú ẹ̀ ni, kẹ́ ẹ máa gbádùn."

Gbádùn wo? Omi tó ń jó télọ̀ lára, tó ń jó ìyàwó rẹ̀ lára, bó bá ti kan Màmá, á di yìnyín. Ìyàwó wá ń wo ọkọ tìfuratìfura.

"Ṣé kì í ṣe pé ẹ̀ ń fọgbọ́n lé màmá mi lọ?"

"Èmi kẹ̀? Èmi tí mo pààrọ̀ híítà?"

Lóòótọ́ ló pààrọ̀ híítà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó pààrọ̀ inú ẹ̀rọ. Lónìí ó pààrọ̀ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ó ra èyí tó ń dán gbinrin, tó ní àmì pupa lápá kan àti búlúù lápá kejì. Ohun gbogbo tó ṣe é pààrọ̀ ló ti pààrọ̀, ó wá ku èèyàn.

Púlọ́ńbà nu ọwọ́ rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀gá, nísàlẹ̀ ní kíṣìnnì ni híítà yín wà. Páìpù tó gòkè wá síbí gùn, omi tútù tó ti sùn sínú ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jáde. Èèyàn gbọ́dọ̀ ṣí i dáadáa, kó jẹ́ kó ṣàn. Ṣé Màmá ń jẹ́ kó ṣàn?"

Télọ̀ wò ó bí ẹni tó bú ìyá ẹni. Òun fúnra rẹ̀, á ti ṣí omi sílẹ̀, á máa fọ eyín, á máa kọrin, kó tó bọ́ aṣọ. Kò ro ibẹ̀ rí.

"Ẹ lọ bi wọ́n," ó wí.

"Èmi? Kí n lọ bi àgbàlagbà pé ṣé ó mọ ẹ̀rọ omi í ṣí? Ẹ̀yin lẹ ni àna yín o." Ó da sípánà rẹ̀ sápò, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Télọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà tọ ìyàwó rẹ̀ lọ. "Bá mi sọ fún Màmá pé kí wọ́n jẹ́ kí omi ṣàn díẹ̀."

"Ẹ̀ ń sọ pé màmá mi ò lajú?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí lẹ wá sọ? Obìnrin tó wẹ̀ fún mi títí mo fi gbọ́n, èmi ni kí n lọ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀?" Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Òun náà ti mọ̀ pé òótọ́ ni, ìtìjú ni ò jẹ́ kó gbà.

Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà. Nínú ilé yìí, wọ́n yàn láti fi ọ̀wọ̀ ṣìnà. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó kúnlẹ̀ gbé tíì gbígbóná fún Màmá, ọkọ dọ̀bálẹ̀ gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì lé e, kò sì sí ẹni tó sọ gbólóhùn kan nípa omi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màmá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú aṣọ òde lọ́rùn àti báàgì rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ ṣé, ẹ kú ìtọ́jú mi. Ẹ jẹ́ n máa lọ sílé mi. Ó kéré tán, omi orí sítóòfù tèmi ń gbóná."

Ọmọ rẹ̀ bú sẹ́kún. Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Bí màmá mi bá tún ṣubú, ọrùn yín ló wà o."

Télọ̀ wolẹ̀. Ó rí àpá yẹn nísàlẹ̀ aṣọ Màmá, ó fojú inú rí ìkòkò, ó rí sítóòfù. Ó dọ̀bálẹ̀ síwájú báàgì.

"Màmá, ẹ má bínú. Ẹ wá fi bí ẹ ṣe ń ṣí ẹ̀rọ yẹn hàn mí. Ojú ló ń tì mí láti béèrè."

Màmá gbé báàgì kalẹ̀, ó di ara ògiri mú, ó wọ balùwẹ̀. Ó yí apá pupa díẹ̀ báyìí, omi jáde tínínrín bí òwú. Ó gbé abọ́ kékeré kan sábẹ́ rẹ̀, ó fìka tọ́ ọ wò, ó fajú ro, ó sì pa á.

"Ṣé o rí i? Yìnyín. Abọ́ méjì báyìí ni mo fi ń ṣan ara."

"Màmá, ẹ jẹ́ kó ṣàn."

"Kó ṣàn lọ síbo? Kí n wá sílé àna mi kí n máa da omi nù? Ọmọ mi, mi ò fẹ́ ni yín lára ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun télọ̀ wọra. Ó na ọwọ́, ó ṣí omi náà gbayawu, wọ́n sì dúró ń wo omi tútù bó ṣe ń lọ. Ìyàwó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó yá, ooru bẹ̀rẹ̀ sí rú. Màmá kiwọ́ bọ omi, ó fà á yọ, ó tún kì í bọ̀ ọ́, ó fi í síbẹ̀. Ojú rẹ̀ tú ká. Lẹ́yìn náà ló wá le.

"Ta ló mọ̀ pé bó ṣe ń ṣe nìyí?"

Télọ̀ wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó wo ilẹ̀.

"Gbogbo yín lẹ mọ̀."

"Màmá, torí ọ̀wọ̀ ni," télọ̀ wí.

"Ọ̀wọ̀." Màmá mi orí. "Ọ̀wọ̀ yín yìí ni mo ti ń fi wẹ̀ láti ìjọ́ tí mo ti dé. Ó tutù púpọ̀." Ó jókòó sétí báàfù, ó ń na ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì. "Ẹ jáde kí n wẹ̀. Bẹ́ ẹ bá tún rí ohun tí mo ń ṣì ṣe nínú ilé yìí, ẹ sọ ọ́ lójú mi. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mò ń lọ."

Ìyàwó jáde. Télọ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ó yí padà, ó wo ìsàlẹ̀ báàfù, ó wo ojú àna rẹ̀.

"Màmá... ẹ ò tíì dí ìhò ìsàlẹ̀ yẹn. Gbogbo omi yín ló ń lọ."

Màmá wo ìhò. Ó wo ọkọ ọmọ rẹ̀ tó ń làágùn lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó dáa," ó wí. "O ti sọ ọ́ lójú mi. Ṣé ẹnu rẹ bó?"