Igbe Kan Níbi Ijó Ọ̀sán

Bí àlejò bá dé ilé Olúbọ̀dé ní Kábà, tó ní òun wá gbọ́ ìtàn àwọn ẹgbẹ́ olórin ayé ijọ́un, ẹni méjì ló máa ń sọ ìtàn náà. Olúbọ̀dé á sọ ibi tó dùn. Lois, ìyàwó rẹ̀, á sọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra ni wọ́n ti ń pín in sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó bi ọkọ rí pé kí ló dé tí kì í sọ ọ́ tán.

Àlejò tó dé lọ́sàn-án Sátidé yìí jẹ́ ọmọbìnrin bí ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ìbàdàn ló ti wá. Ó kúnlẹ̀, ó ní Tiwalọlá lorúkọ òun, ó ní òun fẹ́ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn olórin hòtẹ́ẹ̀lì, àwọn tó ń ṣeré kí dísíkò tó gba ìgboro.

Lois ń bẹ iṣu lábẹ́ igi máńgòrò. Ó nu ọbẹ sára ìró, ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó kan sí i.

"Okun, ọmọ mi, okun. O rin ìrìn. Bàbá Emmanuella, ẹ jáde o, wọ́n tún ti wá sọ yín di ọ̀dọ́!"

Nígbà tí ọmọbìnrin náà gbọ́ "okun," ara rẹ̀ mì díẹ̀. Lois rò pé kò yé e ni, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ìkíni wa ni. O bá èèyàn lójú ọ̀nà, okun. O bá a lẹ́nu iṣẹ́, okun. Ọmọ rẹ̀ ṣubú, ò ń bá a kẹ́dùn, okun náà ni. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn á ní ẹ kú èyí, ẹ kú tọ̀hún, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọ̀kan ṣoṣo ti tó wa."

"Mo ti gbọ́ ọ rí, Mà," ni Tiwalọlá wí.

Olúbọ̀dé jáde pẹ̀lú fìlà lórí. Ó ti pé àádọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dárúkọ gìtá, èjìká rẹ̀ á gbé sókè.

"Ẹni mẹ́jọ ni wá," ó bẹ̀rẹ̀. "Ọdún 1979 nìyẹn. Èmi ló ń ta gìtá. James, ẹ̀gbọ́n Lois, ọmọ Ògìdì, òun ló ń lu ìlù òyìnbó. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni ijó ní hòtẹ́ẹ̀lì kan nílùú yìí. Bí wọ́n bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọ á gba ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á ká aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì sínú àpò, wọ́n á kó sínú ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ gbàgàdà àti bàtà gogoro. Àwọn ọmọ ilé kéú náà kò gbẹ́yìn. Kò sí Kristẹni kò sí Mùsùlùmí níbẹ̀, àfi ẹni tó mọ̀ ọ́n jó àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n jó. James lè lu ìlù kí arọ bú sẹ́kún pé òun fẹ́ dìde."

"Ẹ sọ ti gìtá yín," Lois wí. "Bí ẹ bá ti rí ìdí ọmọge, gìtá á yà kúrò lójú ọ̀nà."

"Ìdí ta ni mò ń wò? Ṣé kì í ṣe tìrẹ ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Tiwalọlá rẹ́rìn-ín díẹ̀ pẹ̀lú wọn.

"Lẹ́yìn náà ni dísíkò dé," Olúbọ̀dé wí. "Ọ̀gá tó ni hòtẹ́ẹ̀lì ra ẹ̀rọ kan, àwo méjì ló ń yí lórí rẹ̀, iná pupa, iná àwọ̀ ewé, gbohùngbohùn tó ga ju èèyàn lọ. Ọmọkùnrin kan bá a wá láti Ìbàdàn, Ṣèyífúnmi lorúkọ rẹ̀. Alẹ́ Sátidé ló dé, ó sì sùn di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ọ̀gá ní bí oṣù bá ti parí kí àwa máa lọ. Ó ní ẹ̀rọ kì í jẹun, kì í sì í mutí."

Ibẹ̀ ló dákẹ́ sí, bó ṣe máa ń dákẹ́. Lois gba ìtàn náà lẹ́nu rẹ̀.

"James kìlọ̀ fún ọmọ náà. Ó ní, 'Ará Ìbàdàn, tó o bá tan ẹ̀rọ yẹn nígbà tí mo bá wà lórí ìlù, màá dì ọ́ tọwọ́ tẹsẹ̀ bí ewúrẹ́ ọdún, màá sì sọ ọ́ sẹ́yìn lọ́rì tó ń lọ sílé yín.' Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àṣé ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. James wà láàárín ìlù, òun nìkan ló ń lù, a ti yí i ká, ni ẹ̀rọ bá bú gbàù! Ó gbé ìlù ẹ̀gbọ́n mi mì káló. James fò sílẹ̀, ó lọ dì í mú láti ẹ̀yìn. Kò lù ú o. Ó kàn dì í mú ni. Lójú ẹsẹ̀, ọmọ náà fọ́ ìgò bíà mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀, ó fi gún un lọ́rùn. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta."

Ó ti gbàgbé iṣu. Ọbẹ ló fi ń júwe.

"Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí. Mo fi gèlè mi dí ojú ọgbẹ́ náà, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka mi tú jáde, ó gbóná bí omi ẹ̀kọ. Ó ń wò mí nígbà tó kú. Ìgbà náà la wá kọjú sí ẹni yẹn. Àga, búlọ́ọ̀kù, ìgò, ohun tọ́wọ́ bá sáà ti bà. Wọ́n fi wáyà gìtá Bàbá Emmanuella dì í mọ́ òpó, wọ́n ń gbá a nípàá, egungun ìhà rẹ̀ ń ró bí igi ìdáná tí wọ́n ń dá. Èmi, mo bọ́ bàtà gogoro lẹ́sẹ̀ James. Mo fi gìgísẹ̀ rẹ̀ gún un lójú. Ojú ọ̀tún. Mo gbọ́ bó ṣe fọ́. Bí mo bá tún rí i lónìí, màá fọ́ ìkejì."

Tiwalọlá ti gbé fóònù kalẹ̀ sórí itan.

"Ojú òsì ni, Mà."

"Kí lo wí?"

"Ojú òsì lẹ fọ́. Èmi ni mo máa ń bá wọn fi omi gbígbóná nù ún. Bàbá mi ni."

Adìẹ ń họ ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ odó. Kí Olúbọ̀dé tó dìde, abọ́ iṣu ti dojú dé. Orúnkún Lois kì í jẹ́ kó yára dìde mọ́ láti bí ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, orúnkún ò dá a dúró. Ó gbá irun dídì ọmọbìnrin náà mú láti ìpàkọ́, ó fà á ṣubú kúrò lórí àpótí, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láyà, ó sì gbé ojú ọbẹ lé e lọ́rùn.

"O jókòó nínú ilé mi! O gba okun lẹ́nu mi! Ó rán ọ wá wo sàréè ni, àbí ó rán ọ wá wo bí a ṣe kù sí?"

Tiwalọlá kò jà. Ọwọ́ méjèèjì ló nà sílẹ̀.

"Wọn ò rán mi wá tọrọ ìdáríjì, Mà. Kíndìnrín wọn ti bàjẹ́, dókítà ní kò pẹ́ mọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n fi rán mi sí Bàbá onígìtá. Wọ́n ní kí n bi wọ́n pé, ṣé wọ́n pariwo lọ́jọ́ yẹn, àbí wọn ò pariwo?"

"Irọ́ tó pa ní kọ́ọ̀tù nìyẹn! Pé a pe okùn, pé a fẹ́ so òun kọ́! Ta ló pe okùn?" Lois tẹ ọbẹ. Ẹ̀jẹ̀ fa ìlà tín-ín-rín kan lọ́rùn ọmọbìnrin náà. "Bàbá Emmanuella, ẹ sọ fún un! Ẹ sọ ọ́ kí n tó pa á!"

Olúbọ̀dé dúró, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nà síwájú. Bó ṣe dúró gan-an lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún nìyí.

Nítorí ohun tí ariwo ẹ̀rọ kò jẹ́ kí Lois gbọ́ wà nínú rẹ̀. Nígbà tí James di ọmọkùnrin náà mú, òun Olúbọ̀dé fò sílẹ̀ tẹ̀lé e, ó dúró níwájú àwọn méjèèjì, ó na ọwọ́, ó sì ń pariwo, "Okun! Okun o! Okun!" Ó ń bẹ̀ wọ́n ni. Bó ṣe lè bẹ ọmọ tó ń sunkún ni. Ó rí ojú Ṣèyífúnmi tó là gbòò, tó ń wá ẹ̀yìn, tó ń wá ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tó ń wo ibi tí nǹkan kan máa gbà wọlé. Lẹ́yìn náà ni ìgò fọ́.

Kò yé e lọ́jọ́ náà. Kọ́ọ̀tù ló ti yé e. Ṣèyífúnmi dúró pẹ̀lú òwú lójú, ó ní James ti ṣèlérí láti di òun bí ewúrẹ́, pé nígbà tí James wá di òun mú, onígìtá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé kí wọ́n mú okùn wá. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Olúbọ̀dé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Lọ́yà bi í pé, "Ǹjẹ́ o pe okùn?" Ó ní, "Rárá o, Olúwa mi. N kò pe okùn." Kò purọ́, kò sì sọ òótọ́. Ohùn kékeré tó ń lọ sílẹ̀ ní ìparí okùn, tí kò sí nínú okun, ẹ̀yìn rẹ̀ ló sá sí. Lois jókòó lẹ́yìn rẹ̀ nínú aṣọ dúdú, Olúbọ̀dé kò sì fẹ́ kí ó mọ̀ pé ẹnu òun wà nínú ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n rán Ṣèyífúnmi lẹ́wọ̀n ọdún mọ́kànlá. Ọdún tó tẹ̀lé e, Olúbọ̀dé gbé Lois níyàwó.

Ní báyìí, bó bá dákẹ́, ilé rẹ̀ á dúró, ọmọ ọlọ́mọ á sì kú lórí ilẹ̀ rẹ̀.

"Mo pariwo," ni ó wí.

Lois kò yíjú. "Kí lẹ wí?"

"Mo pariwo, Lois. Okun ni mo pè. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù. Ọmọ náà kò tíì lo ọjọ́ kan pé nílùú wa, okùn ló gbọ́. Mo mọ̀ ní kọ́ọ̀tù. Mo mọ̀ ọ́n, mi ò sọ."

Ọbẹ kúrò lọ́rùn Tiwalọlá. Lois dìde jẹ́jẹ́. Ó wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni tó ń ka ìwé tí kò mọ̀ ọ́n kà. Ó ju ọbẹ sílẹ̀, Olúbọ̀dé sì mí kanlẹ̀; ó rò pé ó tán. Ọmọ odó ló lọ mú.

Ẹnu ló gbá a. Eyín méjì bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Olúbọ̀dé gbé ọwọ́ sókè, ọmọ odó bà á ní ọrùn ọwọ́, egungun ró kẹ́. Lois gbá a léjìká, ó gbá a níhà. Kò pariwo, kò bú u, kò sunkún. Ó ń gún un bí ẹni tó ń gún iṣu. Tiwalọlá ló rá kòrò lọ dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Mà, ẹ má pa wọ́n! Ẹ jẹ́ kí Bàbá mi gbọ́ ọ lẹ́nu wọn ná! Ìyẹn nìkan ni mo bá wá!"

Lois dúró. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. "Pè é," ó wí.

Fóònù dún títí. Ohùn tó dáhùn tín-ín-rín, ó jìnnà.

"Ṣèyífúnmi," Olúbọ̀dé wí, ọ̀rọ̀ ń gba àárín ẹ̀jẹ̀ jáde. "Onígìtá ni. Mo pariwo lọ́jọ́ yẹn. O gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ tó o gbọ́ kọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n o gbọ́ mi. Ó yẹ kí n ti wí fún adájọ́."

Ọkùnrin náà kọ́kọ́ wúkọ́.

"Mo mọ ohun tó o sọ," ó wí. "Ní ọdún kejì mi lẹ́wọ̀n, wọ́n mú ará Ẹ̀júkù kan, ní agbègbè yín náà, wọ yàrá wa. Ó jí láàárọ̀, ó kọjú sí mi, ó ní okun. Mo fò mọ́ ọn lọ́rùn. Àwọn wọ́dà mẹ́rin ló já ọwọ́ mi. Ìgbà tó rí èémí mí ló tó ṣàlàyé fún mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún mi ni mo gbọ́, tí mo sì tìtorí ẹ̀ pa èèyàn. Gbogbo ayé ní kò sí ẹni tó fọhùn, pé mo lá a lálàá ni. Mo fẹ́ kí ẹnìkan sọ pé mi ò lá a."

"O ò lá a."

Lois já fóònù gbà.

"Lois ni. Àbúrò James. Èmi ni mo fọ́ ojú rẹ."

"Mo rántí rẹ," ni ohùn náà wí. "Gèlè rẹ kún fún ẹ̀jẹ̀."

"N kò dárí jì ọ́."

"N kò bèèrè rẹ̀."

Ó dá fóònù padà fún ọmọbìnrin náà. Ó wo ọrùn rẹ̀, ó tú etí ìró rẹ̀, ó fi nu ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ kíkankíkan, kò fọwọ́ rọ̀ ọ́. "Kò sí ọkọ̀ Ìbàdàn mọ́ nísinsìnyí. Wọlé."

Lois tẹ̀lé e wọlé, ó jáde, ó gbé àpò aṣọ kan sọ sílẹ̀ lójúde. Ṣẹ́ẹ̀tì Olúbọ̀dé yọ láti ẹnu rẹ̀. Ó tún jáde, ó sọ bàtà rẹ̀ tẹ̀lé e, ẹsẹ̀ kan lákọ̀ọ́kọ́, ìkejì lẹ́yìn náà.

"Lois," Olúbọ̀dé pè é. Ẹnu rẹ̀ ti wú, orúkọ náà kò jáde dáadáa.

Ilẹ̀kùn padé. Ó gbọ́ tí ìdè ilẹ̀kùn wọlé. Ó dúró síbẹ̀, ó fi ọwọ́ tó ṣì dára gbé èyí tó kán, ó ń tẹ́tí. Láti inú ilé, ó gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń bi ọmọ náà bóyá ó máa ń jẹ ata.