Ọ̀gbẹ́ni Àdánwò Fẹ́ Wọlé

0.1

…nítorí náà, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni. Ó fẹ̀ tó àtàǹpàkò àgbàlagbà, àwọ̀ ojú ọ̀run ni, wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára pé: *Wọlé pẹ̀lú ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ rẹ.* Ọmọbìnrin tí yóò kọ ọ́ sínú áàpù fi ọdún márùn-ún kàwé. Ó jáde pẹ̀lú ipò kìíní. Ó fi oṣù mọ́kànlá wáṣẹ́. Nígbà tí iṣẹ́ dé, wọ́n fi bọ́tìnnì kan lé e lọ́wọ́.

Kò bínú.

(Irọ́ ni. Ó bínú. Ṣùgbọ́n ìbínú tirẹ̀ kì í fọ́ àwo. Ńṣe ló máa ń to ara rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ bí ìwé lórí àtẹ.)

0.2

LẸ́TÀ. Ó wà nínú àpótí tábìlì rẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin.

*Oṣù mẹ́ta tí a fi ń dán ọ wò yóò parí ní ọjọ́ Ẹtì, ní agogo méjìlá ọ̀sán. Bí oníbàárà wa, ilé ìkàwé, bá lè fi bọ́tìnnì náà wọ inú áàpù lórí kọ̀ǹpútà àti lórí fóònù kí agogo náà tó lù, a ó gbà ọ́ síṣẹ́ gidi. Bí wọn kò bá lè wọlé, ìwọ náà yóò jáde. Èmi, Ọ̀gá.*

Nísàlẹ̀, pẹ̀lú pẹ́ńsù, ní ọwọ́ ìkọ̀wé ọmọbìnrin náà:

*Gbólóhùn ìkẹyìn dára. Ó dùn mí pé òun ló kọ ọ́.*

0.3

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì. Ayàwòrán, ẹni tí ń ya ojú áàpù, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kejì: ó kéré, ó rí ṣóńṣó, kò sì tíì sí adìẹ tó rí i gbé mì.

Bí ó ṣe ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún ìyá rẹ̀, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, lórí fóònù:

ÌYÁ: Wọ́n á wọlé láìní páásíwọ́ọ̀dù?

ABẸ́RẸ́: Ẹ jẹ́ ká ní ẹ kan ilẹ̀kùn ẹnì kan, mà. Onílé ò mọ̀ yín rí. Àmọ́ ó mọ aládùúgbò yín. Ó ní kí ẹ lọ pè é wá.

ÌYÁ: Aládùúgbò á ní, "Mo mọ obìnrin yìí, ẹ jẹ́ ó wọlé."

ABẸ́RẸ́: Ó tán.

ÌYÁ: Aládùúgbò yìí, ṣé kò ní máa ro ẹjọ́ mi fún onílé?

ABẸ́RẸ́: Ohun tí onílé bá bi í ló máa sọ, mà.

ÌYÁ: Hẹn-ẹn. Ìyẹn ni pé onílé ló yẹ ká máa ṣọ́. Ṣé o mọ̀ pé mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé o ti ríṣẹ́?

ABẸ́RẸ́: Mi ò tíì ríṣẹ́, mà. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.

ÌYÁ: Ìyẹn ò kan àdúgbò.

0.4

ÀKỌSÍLẸ̀ KÌÍNÍ, sí Ọ̀gá: Bí ẹ ṣe ní kí a kọ ọ́, ohun mẹ́fà ni áàpù wa yóò máa béèrè lọ́wọ́ ìkànnì nípa ẹni tó fẹ́ wọlé: orúkọ, ímeèlì, ọjọ́ ìbí, àwòrán, ibi tó ń gbé, àti orúkọ gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Orúkọ àti ímeèlì ti tó láti yá ènìyàn ní ìwé. Mo bẹ̀bẹ̀ kí a yọ mẹ́rin tó kù.

ÈSÌ: Ó lè wúlò lọ́la.

ÀKỌSÍLẸ̀ KEJÌ, lẹ́yìn ọjọ́ méjì: Ọ̀la ti kọjá, sà. Kò wúlò.

ÈSÌ: Ọmọ dáadáa, ta ló ń ka nǹkan yẹn? "Gbà" ni gbogbo ayé ń tẹ̀.

ÀKỌSÍLẸ̀ KẸTA: *(ìwé funfun, ọjọ́ àti ìbuwọ́lùwé rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀)*

ÈSÌ: Kí lèyí?

0.5

Ẹ jẹ́ kí á wá sọ ti Ọ̀gbẹ́ni Àdánwò.

Kò sí láyé. Ẹni tí ń kọ irú bọ́tìnnì yìí gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan tí yóò máa fi dán an wò, ẹni tí ìkànnì mọ̀, tí yóò wọlé, tí yóò jáde, tí yóò tún wọlé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Kò sí ẹni tó fẹ́ fi ojú ìwé ara rẹ̀ lórí ìkànnì ṣe irú ìyẹn. Ayàwòrán wá ya ojú kan: irunmú tínrín, etí tó tóbi díẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, ẹ̀rín ẹni tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Wọ́n fún un ní orúkọ. Wọ́n fi ọjọ́ tí kẹ́tùlù tí ọ́fíìsì fi ń se omi tíì bàjẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí rẹ̀.

Ọ̀gá, tí kì í sábà jókòó sí ọ́fíìsì, rí orúkọ náà nínú ìwé àwọn tó ń wọlé. Ó rí i pé ẹni náà ń wọlé ní ìgbà ọgọ́ta lóòjọ́. Inú rẹ̀ dùn sí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

ÌKÉDE, tí Ọ̀gá lẹ̀ mọ́ òkè ibi ìfọ̀wọ́:

FÍFỌ IFE
Ajé: Ayàwòrán
Ìṣẹ́gun: Abẹ́rẹ́
Ọjọ́rú: Ọ̀gbẹ́ni Àdánwò
Ọjọ́bọ̀: Abẹ́rẹ́
Ẹtì: Abẹ́rẹ́

Abẹ́rẹ́ ka orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ó ka ti ẹni tí kò sí láyé ní ẹ̀ẹ̀kan. Ó kọ ìṣirò náà síbì kan.

0.6

OHUN TÍ Ọ̀GBẸ́NI ÀDÁNWÒ NÍ, NÍ Ọ̀SẸ̀ KỌKÀNLÁ

– ọ̀rẹ́ igba ó lé méjìlá

– ìkíni ọjọ́ ìbí mọ́kàndínlógójì

– lẹ́tà ìkìlọ̀ kan, lórí ọ̀rọ̀ ife

– ìyá Abẹ́rẹ́, tó rí i pé ọ́fíìsì kan náà ni Àdánwò àti ọmọ òun wà, tó sì kọ̀wé sí i:

ÌYÁ: O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Ṣé ọmọ mi kì í yọ yín lẹ́nu níbẹ̀?

ÀDÁNWÒ: Rárá, mà. Ẹnu rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mú jù ú lọ.

ÌYÁ: O ti níyàwó?

ÀDÁNWÒ: Iṣẹ́ ò jẹ́ n ráyè, mà. Wọlé-jáde ni mò ń ṣe látàárọ̀.

ÌYÁ: Ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ la máa ń fọmọ fún.

(Ayàwòrán ló ń dáhùn. Ẹnì kan kò bi í. Ẹ̀rín ló tú u fó.)

0.7

Ọjọ́ Ajé. Kọ̀ǹpútà. Abẹ́rẹ́ tẹ bọ́tìnnì. Ojú ewé ìkànnì ṣí, ó wo Ọ̀gbẹ́ni Àdánwò, ó rántí rẹ̀, ó dá a padà sínú áàpù pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́.

*Ẹ káàbọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Àdánwò.*

Ìdajì iṣẹ́ ti parí.

0.7.1

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Fóònù. Ọ̀gbẹ́ni Àdánwò jáde lọ sọ́dọ̀ ìkànnì, kò sì padà wálé.

AYÀWÒRÁN: Ṣé aládùúgbò ò jẹ́rìí ni?

ABẸ́RẸ́: Ó jẹ́rìí. Fóònù ni ò mọ ilé tó máa mú un padà sí. Áàpù ogójì ló wà lórí ẹ̀. Ó wo gbogbo wọn lójú, ó jókòó.

AYÀWÒRÁN: Bí àlejò tó gbàgbé ojúlé.

ABẸ́RẸ́: Ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni wọ́n ń pe èmi. Kí wá ni orúkọ tìẹ?

AYÀWÒRÁN: Èmi ni àna ìyá rẹ, láti ilé Àdánwò.

0.7.2

Ọjọ́rú, aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Abẹ́rẹ́ kọ àdírẹ́sì áàpù sí ibi tí fóònù yóò ti rí i. Ó tẹ bọ́tìnnì. Àlejò jáde. Àlejò padà wọlé. Ayàwòrán gun orí àga, ó jó. Abẹ́rẹ́ kò jó. Ó mi èjìká kan.

Ọ̀gá yọjú láti ẹnu ọ̀nà: Kí ló dé?

AYÀWÒRÁN: Àdánwò ti dé, sà.

Ọ̀GÁ: Aago mẹ́ta? Ó yẹ kó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ látàárọ̀.

0.8

Ọjọ́bọ̀: Àdánwò wọlé nígbà ọgọ́rùn-ún, kò kùnà lẹ́ẹ̀kan. (Ẹ̀ẹ̀kan. Bátìrì fóònù ló kú.)

0.9

Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Láti ọ̀dọ̀ ìkànnì:

*A TI TI OJÚ ÌWÉ YÌÍ PA. A fura pé Ọ̀gbẹ́ni Àdánwò kì í ṣe ènìyàn. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn, kí ó fi fóònù ya ojú ara rẹ̀. Kí ó yí orí sí ọ̀tún. Kí ó yí orí sí òsì.*

0.9.1

Ọ̀GÁ: Ìyẹn ò le. Ẹ pè é wá.

ABẸ́RẸ́: Ta ni, sà?

Ọ̀GÁ: Àdánwò. Kó wá yí orí fún wọn.

AYÀWÒRÁN: Kò sí nílé, sà.

ABẸ́RẸ́: Kò sí láyé, sà.

*(Ọ̀gá wo ìkédé fífọ ife.)*

Ọ̀GÁ: Mo kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí i.

AYÀWÒRÁN: Ó kà á, sà. Ó dùn ún.

Ọ̀GÁ: Ẹ fi ẹlòmíràn rọ́pò. Ìwọ Ayàwòrán, lo tìẹ.

AYÀWÒRÁN: Àwòrán yín tí mo yà wà lójú ìwé mi, sà. Ẹ ò ní fẹ́ kí oníbàárà rí i.

ABẸ́RẸ́: Èmi ò ní, sà. Mo ti pa tèmi rẹ́ lọ́jọ́ tí mo mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká lo tiyín. Ẹ kàn máa tẹ "Gbà" ni.

Ọ̀GÁ: Tèmi kọ́. Ọ̀rọ̀ ilé mi wà níbẹ̀.

ABẸ́RẸ́: Ta ló ń ka nǹkan yẹn, sà?

Ọ̀gá wò ó. Ó wo Ọ̀gá. Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn.

0.9.2

Olùdarí ilé ìkàwé ni. Obìnrin tó ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún, awò ojú rẹ̀ so rọ̀ mọ́ okùn lọ́rùn. Wọ́n ṣàlàyé fún un pé ẹni tó yẹ kó fi bọ́tìnnì hàn án kò lè wá. Ó rẹ́rìn-ín.

OLÙDARÍ: Kí la fẹ́ fi ẹlòmíì ṣe? Èmi náà wà lórí ìkànnì. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ló fi mí síbẹ̀. Ẹ sún un mọ́ mi.

Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ó tẹ bọ́tìnnì. Ojú ewé ìkànnì ṣí, kíákíá, gẹ́gẹ́ bí Abẹ́rẹ́ ti kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀, *Gbà* àti *Kọ̀* sì wà nísàlẹ̀.

Ó ti lo ogójì ọdún láàárín ìwé. Kì í fọwọ́ sí ohun tí kò bá tíì kà tán. Nítorí àwọn ọmọdé tó ti kàwé fún, kíkà sókè ti di bárakú fún un.

OLÙDARÍ: "Áàpù yìí fẹ́ mọ orúkọ rẹ." Ó dáa. "Ímeèlì rẹ." Kò burú. "Ọjọ́ ìbí rẹ." Ṣé ẹ máa kí mi ni? "Àwòrán rẹ. Ibi tí o ń gbé. Orúkọ gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ."

*(Ó bọ́ awò ojú. Ó nù ún. Ó tún un wọ̀. Ó tún un kà.)*

OLÙDARÍ: Ìwé wo làwọn ọ̀rẹ́ mi yá tí wọn ò dá padà?

Ọ̀GÁ: Ètò ni, mà. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, mà…

OLÙDARÍ: Ẹ ṣeun, sà. Ta ló kọ ọ́?

ABẸ́RẸ́: Èmi ni, mà.

OLÙDARÍ: Ọmọ mi, ṣé ó pọn dandan?

0.9.3

ÌDÁHÙN TÓ WÀ NÍLẸ̀

(a) *Ó pọn dandan, mà.* Olùdarí yóò tẹ "Gbà". Yóò wọlé. Yóò wọlé lórí fóònù pẹ̀lú. Ọ̀gá yóò buwọ́ lu lẹ́tà kí agogo tó lù. Ìyá kò ní parọ́ fún àdúgbò mọ́.

(b)

0.9.4

ABẸ́RẸ́: Kò pọn dandan, mà. Orúkọ àti ímeèlì tó. Mẹ́rin tó kù, àwa la fi kún un.

Kò gbé ohùn sókè. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka iye ojú ewé.

Ayàwòrán wo òrùlé. Ọ̀gá wo aago: méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

OLÙDARÍ: Ẹ yọ wọ́n.

Ọ̀GÁ: Tó bá di ọjọ́ Ajé, mà…

OLÙDARÍ: Ìṣẹ́jú mélòó ló máa gbà?

ABẸ́RẸ́: Mẹ́sàn-án, mà. Ti kọ̀ǹpútà àti ti fóònù pa pọ̀.

OLÙDARÍ: Mo lè dúró. Mo mú ìwé dání.

0.9.5

Abẹ́rẹ́ pa ìlà mẹ́rin rẹ́. Ó ní kí kọ̀ǹpútà tún áàpù kọ́.

11:51 — 9%
Ayàwòrán, ní ìsọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: Bí wọ́n bá lé ọ, èmi náà á tẹ̀ lé ọ. Ta ló máa kù tó máa fọ ife?

11:53 — 31%
Ọ̀gá mú ẹ̀dà tirẹ̀ nínú lẹ́tà oṣù mẹ́ta náà jáde. Ó kà á bí ẹni tí kò rí i rí. Ó dé gbólóhùn ìkẹyìn, ó tún un kà.

11:56 — 64%
Olùdarí rẹ́rìn-ín sí ohun kan nínú ìwé rẹ̀. Kò sọ ohun tí ó jẹ́.

11:58 — 88%
Ọ̀gá ṣí bírò. Ó pa á dé. Ó tún un ṣí.

11:59 — 97%
Abẹ́rẹ́ gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí tábìlì. Ó wá ìbínú rẹ̀ lórí àtẹ tó máa ń tò ó sí. Ẹ̀rín ló bá níbẹ̀.

Áàpù ṣí lórí kọ̀ǹpútà, ó ṣí lórí fóònù. Olùdarí fi ìka sàmì sí ibi tó kà dé. Ó fi ìka ọwọ́ kejì tẹ bọ́tìnnì. Ó kà á sókè.

OLÙDARÍ: "Orúkọ rẹ. Ímeèlì rẹ." Ó tán?

ABẸ́RẸ́: Ó tán, mà.

Ó tẹ "Gbà". Àmì róbótó kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kọ̀ǹpútà. Níta, agogo méjìlá bẹ̀rẹ̀ sí í lù; bírò Ọ̀gá wà ní ṣíṣí lórí lẹ́tà, kò sì sí ẹni tó ka agogo.

*À ń mú yín wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró díẹ̀*