Omi Dé Ilé Màlúù

Ogójì ọdún ó lé ni Púlọ́ńbà fi fa omi wọ ilé onílé, àmọ́ ilé ẹran ìyàwó tirẹ̀, tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ gan-an, kò ní ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo. Ẹ ò rí nǹkan! Garawa ni ìyàwó náà, Ìyá Nọ́ọ̀sì, fi ń gbé omi fún abo màlúù kan àti ewúrẹ́ márùn-ún, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tí yóò sì tún fi ìgbálẹ̀ gbá ìtọ̀ wọn jáde, títí ìbàdí fi ń ro ó gidi.

Àkọ́bí wọn, Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, ló wá fẹsẹ̀ múlẹ̀. "Màmá, ẹ ò gbọdọ̀ gbé garawa mọ́. Bí omi ò bá dé ilé ẹran yìí títí di Sátidé, mo ń mú ẹni tó máa rà wọ́n bọ̀."

Ìyá Nọ́ọ̀sì lọ dúró ti màlúù rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa á lọ́rùn. Púlọ́ńbà rí i láti ojú fèrèsé, inú rẹ̀ bà jẹ́. Ó fẹ́ràn obìnrin yẹn, ká má purọ́, àfi pé agídí kì í jẹ́ kó sọ ọ́.

"Èmi ni mo máa ṣe é," ló wí. "Kí púlọ́ńbà kankan má wá fẹsẹ̀ tẹ ọgbà mi o."

Ohun tí kò sọ ni pé láti ọdún tó kọjá ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Bí Nọ́ọ̀sì bá ti wọlé báyìí, inú àpò ṣòkòtò lọwọ́ náà ń gbé. Ó rò pé ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Alágbàṣe kan gbẹ́ ojú ọ̀nà méjì: ọ̀kan fún omi tó ń ti táǹkì bọ̀, èkejì fún gọ́tà tó máa gbé ìdọ̀tí lọ sínú kòtò tí wọ́n kó òkúta sí lẹ́bàá ògiri. Púlọ́ńbà bu omi sínú rọ́bà gbọọrọ kan tó mọ́ gaara, ó ní kí ìyàwó òun di etí kan mú. Ojú omi kì í parọ́. Òun ni wọ́n fi ń mọ̀ bí ilẹ̀ ṣe dagẹ̀rẹ̀ tó.

"Gbé e dáadáa, o ti wọ́!"

"Ẹ̀yin lẹ wọ́. Omi ti dúró jẹ́ẹ́ lọ́dọ̀ tèmi."

Àṣé òótọ́ ni. Gọ́tà yẹn gún régé.

Ọjọ́ Ẹtì ni wàhálà dé. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń so páìpù pọ̀, gọ́ọ̀mù ọ̀hún ò sì ní sùúrù: kó o tó ka mẹ́wàá, ó ti gan. Bí ọwọ́ bá mì, ó di jíjò nìyẹn. Púlọ́ńbà rán ìyàwó rẹ̀ níṣẹ́ sínú ilé, ó yára so ó. Nígbà tí ìyàwó padà dé, tí wọ́n ṣí omi, yàà! Ó tú sí màlúù lójú, màlúù figbe ta.

"Gọ́ọ̀mù ayédèrú ni," ló wí. Ó gé e, ó tún un so. Ó tún jò. Páìpù tó kù ò ju ẹyọ kan lọ.

Ìyá Nọ́ọ̀sì dojú garawa dé, ó jókòó lé e. "Bàbá Nọ́ọ̀sì, ọwọ́ yín ni. Mo ti mọ̀ tipẹ́. Ṣé ẹ rò pé ahun ló ń ṣe mí, tí mo fi ń bu tíì yín dé ìdajì ife?"

Ojú ti ọkùnrin náà débi pé kò lè gbórí sókè.

"Ẹ dìde, ẹ wá jókòó síbí," obìnrin náà wí. "Ẹ máa sọ ọ́, kí n máa ṣe é. Ẹnu yín ò kúkú gbọ̀n rí láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ yín."

Bó ṣe gba orí garawa nìyẹn. "Nù ún kó gbẹ! Fi gọ́ọ̀mù sí i yípo! Tì í wọlé, yí i díẹ̀, dì í mú, má mí!"

"Ṣé kí n kú ni?"

Wọ́n ṣí omi. Ẹ̀kán kan ò jò. Inú Púlọ́ńbà dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún, àmọ́ ohun tó rí sọ kò ju, "Ọ̀rọ̀ yìí, àárín àwa méjèèjì ni o."

"Ta ni n bá sọ fún? Màlúù?"

Ní Sátidé, Nọ́ọ̀sì mú oníṣòwò ẹran dé lóòótọ́. Ìyá rẹ̀ ṣí ẹ̀rọ, omi dà ṣọ̀ọ̀ sínú ọpọ́n ìmumi ẹran. Ó fọ ilẹ̀, ìdọ̀tí bá gọ́tà lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, ọ̀gá, a ò tà mọ́. Bàbá mi, ọwọ́ yín ò gbàgbé iṣẹ́!"

"Ṣé o ò mọ bàbá rẹ ni?" ni ìyá rẹ̀ wí kíákíá. "Òun nìkan ló dá a ṣe."

Oníṣòwò tẹ̀ ba, ó wo páìpù náà tìyanu-tìyanu. "Páìpù ilé ẹran tèmi kàn ń jò ni. Bàbá, ṣé ẹ̀yin ni púlọ́ńbà ọ̀hún?"

Ogójì ọdún ló ti ń dáhùn ìbéèrè yẹn kí wọ́n tó bi í tán. Lọ́tẹ̀ yìí, ó wo ìyàwó rẹ̀, tó ń mi orí sí i pé kó má sọ nǹkan kan. Ó yọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síta lójú Nọ́ọ̀sì, bó ṣe ń gbọ̀n yẹn, ó sì nà án sí obìnrin náà.

"Púlọ́ńbà nìyẹn. Ọwọ́ tèmi ò dúró mọ́. Ariwo ni mo ń pa."

Ìyá Nọ́ọ̀sì fi etí ìró nu ojú, ó wá kọjú sí oníṣòwò.

"A ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé," ló wí. "Àmọ́ ẹ gbé àga sílẹ̀ de ọ̀gá mi."