Okùn Tí Mo Fà Yọ

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé mo kórìíra Callum Ibbotson. Ọdún mẹ́fà la fi jọ ṣeré ní Sheffield, èmi nídìí kọ̀ǹpútà tèmi, òun nídìí tirẹ̀, okùn wáyà kan láàárín wa. Èmi ni mò ń kọ nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ tó ń di orin. Okùn náà á gbé e dé ọ̀dọ̀ Callum, ètò ìgbohùnsílẹ̀ rẹ̀ á sì fún un ní ohùn: dùùrù, ìlù, ohun tó bá ṣáà ti wù ú. Mídì ni wọ́n ń pe ohun tó ń gba inú okùn náà kọjá. Kì í ṣe ohùn rárá, àṣẹ lásán ni: tẹ ibí yìí, gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀. Èmi ọ̀gá, òun ìránṣẹ́. Bí mo ṣe rí i nìyẹn.

Nígbà tí Maxine Staniforth tó ń ṣètò eré wa sọ pé àwọn ará ìlú Utrecht lókè òkun fẹ́ ẹnì kan ṣoṣo fún àjọ̀dún orin wọn, pé òun máa wo àwa méjèèjì lọ́sàn-án Sátidé kóun tó mú ẹni tó ń lọ, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, èmi ni. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń retí ìpè yẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, mo dé òkè ilé ọtí tí a ti ń ṣeré, mo bá Callum tó ń jẹ ànàmọ́ díndín lórí tábìlì tí mo fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà lé.

"Gbé nǹkan olóròóró yẹn kúrò níbí."

"Ẹ kú ọ̀sán o, Ọbabìnrin Bryony."

"Mi ò kí ẹ. Gbé e kúrò."

"Rọra o. Tí mi ò bá fún nọ́ńbà ẹ lóhùn, ṣé òǹkà lo fẹ́ lọ kà fún wọn ní Utrecht?"

"Ẹ gbọ́ ẹnu ẹ̀! Ọmọ ọdún mẹ́rin á ṣe iṣẹ́ tó ò ń ṣe."

"Kó wá ṣe é nígbà náà, kó sì máa fara da ẹnu ẹ."

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ gbẹ́nu dákẹ́ jàre," Maxine ní. "Tíì mi ń tutù."

Nínú irú eré tiwa, ẹni tó ń kọ orin kò gbọ́dọ̀ fi ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ pamọ́. Gbogbo ohun tí mo bá tẹ̀ ló ń hàn gbangba lára ògiri. Bí ogójì èèyàn ló wá, orin wọlé dáadáa, wọ́n sì ń jó. Ìgbà tó yá, mo rí i pé Callum ni gbogbo wọn ń wò. Ó ń mi orí, ó ń yí bọ́tìnì, òógùn bò ó bí ẹni tó ń roko. Mo tẹ̀ ẹ́ sára ògiri pé: "Ẹ wo bí Callum ṣe máa rí láìsí èmi." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo bá na ọwọ́, mo fa okùn náà yọ lára kọ̀ǹpútà Callum.

Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ yìí lánàá mọ̀ pé a kì í fà á yọ nígbà tí ohùn ń lọ lọ́wọ́. Àṣẹ pé kó tẹ̀ ẹ́ ti kọjá. Àṣẹ pé kó gbé ọwọ́ kúrò ló kù sọ́dọ̀ mi. Ohùn mẹ́rin há sọ́dọ̀ Callum, wọ́n ń dún lọ láìdánudúró.

Bọ́tìnì kan wà tó ń pa gbogbo ohùn lẹ́nu mọ́. Callum gbé ìka lé e, ó wò mí, ó sì gbé ìka kúrò. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ohùn mẹ́rin náà. Ó rẹ̀ wọ́n sílẹ̀, ó fẹ̀ wọ́n, ó jẹ́ kí wọ́n kún inú ilé. Àwọn tó ń jó dúró, wọ́n ń gbọ́. Maxine gbé ife rẹ̀ kalẹ̀.

Mo fẹ́ ki okùn náà bọ ihò rẹ̀ padà. Callum fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ihò.

"Gbé ọwọ́ ẹ kúrò!"

"Àṣẹ ẹ ò dé ibí mọ́."

Mo sáré padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo ń tẹ "dúró", "dúró", "dúró". Gbogbo ilé ń kà á lára ògiri. Kò sí ohun tó dúró. Ọkùnrin kan bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tó wu Callum ló tó pa ohùn náà. Àtẹ́wọ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé.

"Callum ló ń lọ," Maxine ní.

"Orin mi nìyẹn! Èmi ni mo kọ ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin!"

"Mo mọ̀. Mo sì rí ẹni tó fa okùn yọ."

Mo ṣì kórìíra ọkùnrin yẹn títí dòní. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni pé ní gbogbo ọdún mẹ́fà tí mo fi ń pàṣẹ fún un, orin mi kò dára tó bẹ́ẹ̀ rí.