Saara Wàsílátù

Alàájì Àlùkò ń ta ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Congo Town ní Monrovia, ṣùgbọ́n àwa tí à ń bá a tà á kò gbọdọ̀ lò ó. Ó ní ọjà ni. Nígbà Ebólà, ọ̀rá ni Wàsílátù, ọ̀kan nínú wa, so mọ́ ọwọ́ méjèèjì tó fi ń gbowó lọ́wọ́ oníbàárà. Lọ́jọ́ kan ọ̀rá ya. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Ebólà mú un, ọkọ̀ wá gbé e lọ, títí dòní a ò mọ ibi tí wọ́n sin ín sí.

Èmi Kamorat ni mo gba ipò rẹ̀. Èmi àti màmá mi la jọ ń gbé ní Caldwell, ikọ́ fée sì ti ń yọ wọ́n lẹ́nu kí n tó gbọ́njú. Nígbà tí Kòrónà wọ Monrovia, ohun tí mo lè gbé relé bá wọn ló ń bà mí lẹ́rù.

Mo lọ bá Alàájì. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ n mú ìbọ̀wọ́ kan."

"Tí gbogbo yín bá ń mú un, kí la máa tà?"

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, obìnrin kan láti àdúgbò West Point wá rajà, omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Your sister outside say I must wash my hand first," ó wí.

A ò ní ẹnikẹ́ni níta, a ò sì gbé omi síbẹ̀. Mo bi í pé báwo lẹni náà ṣe rí. Ó ní ó so ọ̀rá mọ́ ọwọ́. Wàsílátù ni mo rántí.

Ẹlòmíì tún wá sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó détí Alàájì, ó jókòó, ó ń pe orúkọ Wàsílátù. Mo rò pé ojú rẹ̀ ti là. Àṣé mi ò tíì mọ̀ ọ́n. Ó ní saara ni òkú ń bèèrè. Ọkùnrin tó ń ṣahun ìbọ̀wọ́ fún wa, kò ṣahun àgbò saara.

Ó pe àwọn Yorùbá oníṣọ́ọ̀bù, ó ní kí a ti ilẹ̀kùn kí àdúrà má bàa jò síta. A há mọ́ra, èjìká kan èjìká. Áfáà Abdulkareem ń húkọ́ bó ṣe ń ké Kùránì, àwa ń ṣe àmín. Nígbà tó parí, ó bọ gbogbo wa lọ́wọ́. Inú bí mi gan-an, ṣùgbọ́n tí mo bá jáde, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn.

"Kamorat, she don go," Alàájì ní. "Má bẹ̀rù mọ́."

"Ìbọ̀wọ́ ńkọ́, sà?"

"Ìbọ̀wọ́ wo tún ni? Ṣebí a ti ṣe saara."

Lóòótọ́ ló lọ. Àwọn oníbàárà ń wọlé pẹ̀lú ọwọ́ gbígbẹ, kò sẹ́ni tó dá wọn dúró.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, a gbọ́ pé Áfáà ti wà nílé ìwòsàn, pé Kòrónà ni. Láti àárọ̀ ni ọ̀fun ti ń yún mi. Nígbà tí mo délé, ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, kí n lè sọ fún màmá pé kí wọ́n má sún mọ́ mi.

Kí n tó sọ ọ́, màmá húkọ́ nínú ilé. Mo mọ ikọ́ fée wọn dunjú. Èyí tí mo gbọ́ yìí kì í ṣe òun.