Ìdì Kẹjọ

Ọwọ́ Ìyá Abẹ́rẹ́ kì í dúró, ojú rẹ̀ ì báà wà níbòmíràn. Ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n rèé tó ti ń rán ìdì ewé pọ̀ di ìwé nílé ìtẹ̀wé náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, bí wọ́n ti ń jẹun, tẹlifíṣọ̀n ń ṣe eré ọjọ́ iwájú kan: ìlú kan lójú òṣùpá, ẹ̀rọ ló jọba níbẹ̀. Èrò olóògbé kan tó kọ̀wé lórí ìṣèlú, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Bàbá Onírònú, ni wọ́n dà sínú ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ wá pàṣẹ pé kí wọ́n dí ará ìlú lẹ́nu, nítorí pé "ogunlọ́gọ̀ kò mọ ohun tó dára fún ara rẹ̀."

"Ẹ̀rọ yìí gbọ́n o!" Agéwèé, ọkùnrin tó ń gé etí ìwé, sọ̀rọ̀ tòun ti oúnjẹ lẹ́nu. "Ká ní irú ẹ̀ wà nílé mi ni, àwọn ọmọ mẹ́fà yẹn ì bá ti dákẹ́."

"Ìwà ìkà ni," ni ọ̀gá wọn fèsì. "Àmọ́ eré náà ò purọ́ mọ́ bàbá yẹn. Kò ka mẹ̀kúnnù sí." Ó rántí ẹni tó jókòó tì í. "Ẹ má bínú o, Tíṣà."

Ọmọ Bàbá Onírònú ni Tíṣà. Ó wá nítorí ìwé bàbá rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tún tẹ̀. Ọ̀la ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rán an.

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí, sà. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè mí ní ọmọ ọ̀rẹ́ aninilára. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú. Mo fi bẹ aráyé nítorí ohun tí bàbá mi kọ."

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ Ìyá Abẹ́rẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Bàbá Onírònú ti kú lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú. Òjò gba ojú òrùlé tó ń jò wọlé, gbogbo ẹ̀dà ìdì kẹjọ, èyí tó kẹ́yìn nínú ìwé rẹ̀, sì rin gbingbin. Ìyá Abẹ́rẹ́ ló gbé e síbẹ̀. Kò tíì jẹun láti àárọ̀ àná, wáyà ló fi so bàtà ẹsẹ̀ òsì, ọ̀gá ìgbà náà sì ti ní ẹni tó bá ba ewé jẹ́ kó máa lọ sílé. Kò tíì mọ̀wé kà, àmọ́ ó rí àmì ìdánudúró ní ìparí ìdì keje, ó sì mọ̀ pé gbólóhùn parí síbẹ̀. Ló bá rán méje pọ̀. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Òun náà ò mọ ohun tó yọ, àfi ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ la ojú rẹ̀, tó ka ẹyọ kan nínú ìdì kẹjọ tó ti sá gbẹ, tó sì fi pamọ́. Bí Bàbá Onírònú bá ń kọ̀wé, a máa fún alátakò rẹ̀ ní àga, a ní kó rojọ́ tirẹ̀ tán kí òun tó fèsì. Ẹjọ́ alátakò ló kún ìdì méje. Ìdì kẹjọ ni bàbá ti sọ pé ọ̀rọ̀ alátakò ni, ibẹ̀ ló sì ti dáhùn. Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ pa Ìyá Abẹ́rẹ́ lẹ́nu mọ́. Nígbà tí ẹ̀rù lọ, ìtìjú gba ipò rẹ̀.

Ó dìde, ó ṣí dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó sì gbé ewé tí omi ti sọ di pupa rúsúrúsú síwájú Tíṣà.

"Ẹ má bá bàbá yín bẹ ẹnikẹ́ni. Èmi ló yẹ kí n bẹ̀bẹ̀." Ó rò ó fún wọn láti orí dé ìdí.

"Ìyá Abẹ́rẹ́! Ẹ fẹ́ fọ́ ilé iṣẹ́ yìí ni?" ọ̀gá pariwo. "Ẹ jẹ́ ká rọra fi kún un. Ta ló máa bi wá?"

"Rárá, sà. Bí a bá yọ́ ọ fi kún un, wọ́n á ní ọmọ ló jókòó kọ ọ́ láti fi gbèjà bàbá. Ẹ jẹ́ kó hàn níwájú ìwé pé èmi ni mo yọ ọ́. Bí ẹ bá lé mi, ọwọ́ yìí ṣì mọ iṣẹ́."

Tíṣà ò gbọ́ ariwo wọn. Ó ń kàwé sókè: "'Ẹni tó bá ní ogunlọ́gọ̀ ò gbọ́n, ẹ bi í pé ta ló gbin ohun tó jẹ láàárọ̀.'" Ẹ̀rín pa á, omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ohùn bàbá mi nìyí. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nílé gan-an nìyí."

"Àṣé ìdì méje péré ni ọba òṣùpá kà!" ni Agéwèé wí, ó sì pa tẹlifíṣọ̀n.

Tíṣà nu ojú. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Ìyá."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò ní àwáwí."

Tíṣà ò sọ pé òun dárí jì í. Ó fa ọ̀rọ̀ ìṣáájú tirẹ̀ ya, ó sì ti bírò sí i. "Ẹ kọ ọ́ fúnra yín."

Ìyá Abẹ́rẹ́ jókòó. Ó kọ ojú ewé kan gbáko, kò sinmi, ó sì buwọ́ lù ú.