Àdìzátù To Òkúta Bí Aṣọ

Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀ ní Treichville, Àdìzátù to òkúta ọmọ rẹ̀ bí ẹni ń to aṣọ, ó sì ba iṣẹ́ ọdún mẹ́ta jẹ́ láàárín wákàtí kan.

Aṣọ ló ń tà lọ́jà. Ọmọ Ìgbòho tó wá ń ṣòwò nílẹ̀ onífaransé ni, ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀, ojú rẹ̀ kì í gba rúdurùdu. Mùtmàínà, àbíkẹ́yìn rẹ̀ tó wà ní yunifásítì, ló ni òkúta. Abẹ́ òkun ni wọ́n ti fi ẹ̀rọ fà á jáde, ó rí roboto bí ọmọ odó, ó ti kán wẹ́wẹ́. Carotte, ìyẹn kárọ́ọ̀tì, ni wọ́n ń pè é ní Faransé. Ilé ìkẹ́rùsí yunifásítì ní Biétry ń jò, ni ọmọ bá kó àpótí mẹ́rin wálé. Ohun kan ṣoṣo tó sọ fún ìyá rẹ̀ ni pé kí ẹyọ kan má sọnù.

Lọ́jọ́ kẹta, òjò wọ ilé tiwọn náà. Àpótí rin gbingbin. Mùtmàínà ò sí nílé.

Qudirat, alábàágbé wọn, yọjú. "Ìyá Mùtmàínà, ẹ ti di oníkárọ́ọ̀tì! Èyí tí eyín ò lè gé!"

"Pa ẹnu ẹ dé, wá bá mi gbé e."

Wọ́n ṣí àpótí: òkúta dúdú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláwọ̀ eérú, pupa tẹ̀ lé e, dúdú tún padà wá. Ta ló ń pàtẹ báyìí? Àdìzátù kó dúdú sínú páálí kan, eérú sí òmíràn, pupa sí òmíràn. Ìwé pélébé tó wà láàárín wọn ti di ẹ̀kọ, ó gbá wọn dànù. Ó fi kànìnkànìn fọ òkúta títí ó fi dán.

Mùtmàínà dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Maman, ìwé àárín wọn tí a kọ nọ́ńbà sí dà?"

"Ó ti jẹrà. Ẹyọ kan ò sọnù. Mo ti tò ó ní àwọ̀ àwọ̀ fún ẹ."

Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra yẹn gan-an ni iṣẹ́ mi. Ilẹ̀ wa àti Brazil lẹ̀ mọ́ra nígbà kan. Ìkarahun odò ló wà nínú òkúta ìsàlẹ̀, ti òkun wà lókè. Láàárín wọn ni òkun ti wọlé, tó padà, tó tún wọlé. Òkúta Brazil náà rí bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí n mọ ìgbà tá a pínyà."

"Ìkarahun ò lè sọ ibi tó wà?"

"Ti ìsàlẹ̀ àti ti òkè lè sọ. Ti àárín ò lè sọ, torí ti odò àti ti òkun ń gba ipò ara wọn níbẹ̀. Fọ́tò àpótí kan péré ni mo tíì yà."

Àdìzátù tú páálí sílẹ̀. Ó ń fi ojú ibi tí òkúta ti kán kan ara wọn, bóyá wọ́n á wọnú ara wọn. Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò ṣí ìsọ̀.

"Maman, ẹ sinmi."

"Mi ò sinmi!"

Díẹ̀ rí èkejì wọn. Ti àárín ò rí. Kànìnkànìn ti jẹ etí wọn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wọn wá wò ó, kò pariwo. "Mi ò lè fi èyí ránṣẹ́ sí Brazil," ló sọ. Wọ́n ti fi símẹ́ńtì dí ihò tí òkúta náà ti jáde, kò sì sí òmíràn. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, Mélissa tí wọ́n jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ ló wọ bàálù lọ sí Recife ní Brazil ní ipò Mùtmàínà. Mùtmàínà fi yunifásítì sílẹ̀, ó ń kọ́ ọmọ kéékèèké ní ìṣirò ní Marcory.